Ọ̀gá Òṣùwọ̀n Fòfin De Ènì

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìtàn yìí, kó kọ́kọ́ jẹun yó o, nítorí ebi ni yóò máa rìn káàkiri inú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Èmi tí mò ń kọ ọ́ ti jẹ ẹ̀wà àti búrẹ́dì kí n tó mú bírò. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ebi ló ń pa mí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ èèyàn ńlá láìdáa.

Nígbà tí ọdún 1994 ń parí lọ, Àjọ Òṣùwọ̀n Ọjà ní ọ́fíìsì kan ní Ring Road, n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa yẹ kọ́ńgò àti òṣùwọ̀n àwọn oníṣòwò wò, kí wọ́n lẹ èdìdì mọ́ èyí tó bá pé, kí wọ́n sì gba èyí tí kò bá pé. Iṣẹ́ tí ọkùnrin méjì àti kẹ̀kẹ́ kan lè ṣe tán kí oòrùn tó mú ni, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ mẹ́tàlélógójì ló ń ṣe é. Ọ̀gá wọn ni Olóyè Ọlálẹ́yẹ Ayẹni, ọmọ Èkìtì tó ti ń gbé Bódìjà láti ìgbà tí irun ṣì wà lórí rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí n purọ́ o. Kì í ṣe ọ̀gá tán, adelé ọ̀gá ni. Ọdún mẹ́ta gbáko ló ti fi ń ṣe adelé, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn ún bí òkúta inú bàtà. Ó ti ní kí wọ́n pa á rẹ́ lára pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ àti lára ìwé ọ́fíìsì, ó sì ti kìlọ̀ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nínú ilé. Tó bá wọlé láàárọ̀, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde dúró, Ọ̀gbẹ́ni Dàmọ́lá tó jẹ́ igbákejì rẹ̀ á sì fi ohùn òkè ké pé, "Òṣùwọ̀n tó ń wọn òṣùwọ̀n!"

Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Ta ló tó wọ̀n yín?"

Ayẹni á gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, bí ẹni pé ó ní kí wọ́n dákẹ́, ṣùgbọ́n kò ní gbé e ga tó èyí tí wọn yóò dákẹ́ sí. Lọ́jọ́ kan tí ọ̀fìnkìn dí Dàmọ́lá lọ́fun tí kò lè kígbe, wọ́n kọ̀wé sí i pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Báyìí ni nǹkan ṣe ń lọ tí lẹ́tà fi dé láti orílé-iṣẹ́. Ológun kan ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe alága àjọ náà, irú ọkùnrin tó máa ń sáré yí bárékè po lẹ́ẹ̀mẹ́jọ kó tó bu omi bọ́jú. Ó ní òun yóò sọ gbogbo adelé di ọ̀gá pátápátá láàárín oṣù mẹ́ta, àyàfi ẹni tó bá sanra jù. Ó ní ẹni tó ń wọn nǹkan fún ará ìlú kò gbọdọ̀ ju àádọ́rùn-ún kílò lọ, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì máa fi ìwọ̀n ọ̀gá rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ayẹni ti ilẹ̀kùn, ó gun òṣùwọ̀n ńlá tí wọ́n fi ń dán òṣùwọ̀n àwọn ọlọ́jà wò. Mẹ́rìndínlọ́gọ́fà kílò! Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Iyán ló kó o jọ, ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ló sì fi kó o jọ, bí èèyàn ṣe ń kó ìwé jọ kó lè di ọ̀mọ̀wé.

Wọ́n júwe ilé ìwòsàn kan fún un ní Challenge. Níbẹ̀ ló ti bá Arábìnrin Ọlájùmọ̀kẹ́, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kọ́ àwọn èèyàn bí wọn yóò ṣe jẹun.

"Bàbá, kí lẹ jẹ lálẹ́ àná?"

"Mo kàn panu lásán ni."

"Kí lẹ fi panu, sà?"

"Iyán."

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

Ayẹni fi ọwọ́ méjèèjì ṣàpèjúwe rẹ̀. Nígbà tó rí ojú ọmọbìnrin náà, ó fa ọwọ́ méjèèjì súnmọ́ ara wọn díẹ̀. Ọmọbìnrin náà ò rẹ́rìn-ín, ó kàn kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀.

"A ò ní febi pa yín, sà," ló wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta náà lẹ ó máa jẹun lójúmọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó dín in kù. Ẹ gbé abọ́ ńlá yẹn sẹ́yìn, ẹ lo kékeré. Kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì rẹ̀, kí iyán má ju ìkúùkù yín lọ. Ẹ mu omi kí ẹ tó jókòó. Ẹ rọra jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ́ tán, ẹ dúró fún ogún ìṣẹ́jú kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò yó, torí ó máa ń pẹ́ kí ikùn tó gbọ́ ohun tẹ́nu ṣe. Ebi máa wá o, mi ò ní tàn yín. Tó bá ti wá, ẹ jẹ́ kó kọjá. Kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Tó bá kọ̀ tí kò lọ, ẹ jẹ ọsàn kan tàbí ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, kẹ́ ẹ sì máa ṣe iṣẹ́ yín lọ."

Ayẹni gbé agbádá rẹ̀ sí èjìká. "Ọmọ mi, ṣé o mọ ẹni tó ò ń bá sọ̀rọ̀ ṣá?"

"Èmi mọ̀ yín, sà. Ebi ni kò mọ̀ yín."

Bó ṣe ń padà lọ sílé nínú Pijó ìjọba, ó ń wo ìkúùkù ara rẹ̀. Ó kéré! Bàbá rẹ̀ tó ṣe àgbẹ̀ ní ìkúùkù tó tó orí ọmọ ọdún mẹ́ta, ṣùgbọ́n òun lọ ń ṣe iṣẹ́ kálámù kiri. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó kábàámọ̀ pé òun lọ sílé ìwé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Tósìn, gbé abọ́ kékeré kan kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Tíṣà ni Ìyá Tósìn, ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe náà ló máa ń ṣe.

"Ṣé èyí tí mo fẹ́ tọ́ wò rèé?" Ayẹni bi í. "Ìgbà wo ni wọn ó gbé oúnjẹ wá?"

"Oúnjẹ nìyẹn, Bàbá Tósìn."

Òkèlè mẹ́rin ló fi jẹ ẹ́ tán. Ó jókòó ti aago ògiri láti dúró fún ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n sọ. Nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́fà, ó ní aago náà ń lọ́ra. Nígbà tó di mẹ́sàn-án, ó ní kí wọ́n gbé e wá sí ọ́fíìsì òun lọ́la kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó di mọ́kànlá, ó wọ kíṣìnnì lọ, ó bá Ìyá Tósìn tó ti fi ìjókòó dí ẹnu kọ́bọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ebi kò dáa. Ẹni tí kò bá tíì dín oúnjẹ rẹ̀ kù rí kò lè mọ̀ pé aago mọ́kànlá òwúrọ̀ gùn ju ọdún lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọlúàbí máa ń ṣe tébi bá ń pa á ni pé kó mu omi, kó sì dákẹ́. Ayẹni kì í ṣe ẹni tí nǹkan lè dùn kó dá a jẹ. Bí ebi bá ń pa Ọ̀gá Òṣùwọ̀n, ó di dandan kó pa ẹ̀ka náà tinútòde.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ń darí ìpàdé lọ́wọ́ nígbà tí inú rẹ̀ ké kùrùrùrù, tí gbogbo èèyàn gbọ́. Inú ọyẹ́ la wà o, eruku ti fún gbogbo ewé Ìbàdàn láwọ̀ kan náà. Dàmọ́lá yára gbójú sókè.

"Ààrá ń sán, sà," ló wí.

"Òjò ńlá ń bọ̀," akọ̀wé kan fi kún un, ó sì dìde lọ ti fèrèsé. Obìnrin kan tọrọ àyè, ó ní òun sá aṣọ sílé. Ayẹni fúnra rẹ̀ wo ojú ọ̀run tó gbẹ táútáú, ó mi orí, ó ní kí wọ́n gbé Pijó òun sábẹ́ òrùlé.

Lọ́jọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ sákúlà. Sákúlà kìíní lé Ìyá Ọmọ́fẹ́ tó ń dín dùndún lẹ́nu géètì, wọ́n ní òórùn dùndún náà "ń ṣèdíwọ́ fún ètò ìdàgbàsókè orílẹ̀-èdè." Ìkejì ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹun ní ọ́fíìsì láti aago mẹ́jọ títí di mẹ́rin. Ìkẹta sọ ìsinmi ọ̀sán di ìpàdé, wọ́n á sì máa fi wákàtí kan gbáko jíròrò ànfààní ìsẹ́ra-ẹni. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlélógójì ti ń búra pé àwọn náà ń dín ara àwọn kù, títí kan mẹ́séńjà tí ẹ lè ka egungun ìhà rẹ̀ láti òdìkejì títì. Dàmọ́lá ní kùkúńbà nìkan lòun ń jẹ. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ nígbà mẹ́sàn-án lójúmọ́, tí àpò rẹ̀ á wú tó bá ń wọlé, tí ètè rẹ̀ á sì máa dán tó bá ń jáde. Ọ̀gá wo ètè yìí, ó ní kùkúńbà dára fún awọ ara.

Àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ń wọn ọ̀gá. Gbogbo òṣìṣẹ́ á tò yí òṣùwọ̀n ńlá ká, wọn á kọrin ìyìn kan, Ayẹni á sì gùn ún. Ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́, ọ̀dọ́kùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Wándé ló ka ìwọ̀n náà.

"Márùndínlọ́gọ́fà ààbọ̀!" ló kígbe. "Ààbọ̀ kílò péré ló dín."

Péré! Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbé Wándé lọ sí ọ́fíìsì kékeré tó wà ní gáréèjì Ojoo, níbi tí wọ́n ti ń wọn kẹ́ẹ̀gì epo láàárín èéfín mọ́tò.

Sùrájù ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó Sùrájù ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ìbejì lé ọmọ mẹ́ta tó wà nílẹ̀ ni, ilé rẹ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ Ring Road, ó jìnnà sí Ojoo bí ọ̀run ṣe jìnnà sáyé. Ṣùgbọ́n Sùrájù mọ ohun kan tí Wándé kò kà sí. Nídìí òṣùwọ̀n náà, nọ́ọ̀tì kékeré kan wà tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Ẹni tó bá yí i díẹ̀ sápá òsì, òṣùwọ̀n á gbàgbé kílò méjì.

Ní Ọjọ́ Ajé kejì, Sùrájù tètè débi iṣẹ́, ó tẹ̀ ba bí ẹni tó ń so okùn bàtà, ó sì yí i.

"Mẹ́tàléláàádọ́fà ààbọ̀!"

Ilé náà kún fún àtẹ́wọ́. Dàmọ́lá sunkún, omijé gidi! Ọ̀sẹ̀ kẹta, Sùrájù tún yí i. Bó ṣe ń yí i nìyẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́tà sì ń lọ sí orílé-iṣẹ́ pé ọ̀gá Ìbàdàn ń fò lọ bí ìyẹ́.

Ẹ ó bi mí pé, ṣé ọ̀gá kò mọ̀ ni? Kò mọ̀. Ẹni tí wọ́n ti fi ọdún mẹ́ta sọ fún pé kò sẹ́ni tó tó wọ̀n ọ́n, kí ló fẹ́ ṣiyèméjì sí? Ohun kan ló dá a lójú: bó bá ń dín kù tó báyìí, iyán díẹ̀ kò lè pa á lára. Ọ̀sán Ọjọ́rú kan, ó fa fìlà bojú, ó ya sí bùkátéríà obìnrin Èkìtì kan ní Agbowó. Ó ní ìkúùkù kan ni kí wọ́n fún òun. Ó tún béèrè ìkúùkù kejì fún ọwọ́ òsì. Kí oṣù tó parí, ọwọ́ mẹ́fà ló ní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹun níbẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀, "Bàbá Àkúnlé" ni wọ́n ń pè é, torí gbogbo ìgbà ló ń ní kí wọ́n tún fi iyán kún un.

Bí òṣùwọ̀n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni ṣòkòtò rẹ̀ ń fún mọ́ ọn. Ó pe Hàrúnà alágbàfọ̀, ó ní ó ń fi omi gbígbóná sún aṣọ òun kì. Hàrúnà fi Ọlọ́run búra títí, wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá Tósìn," ìyàwó rẹ̀ sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ kan, "alágbàfọ̀ kẹta nìyí. Ṣé gbogbo wọn ló ń sún aṣọ kì ni?"

"Ìlara ni wọ́n ń ṣe. Ṣé o ò rí ìwé ìwọ̀n mi ni?"

"Mo rí ìwé. Mo sì rí yín."

Ó bínú wọ yàrá lọ. Ṣùgbọ́n lóru ọjọ́ náà kò sùn dáadáa.

Ìbínú yìí ló gbé lọ sí ọjà Bódìjà lọ́jọ́ kejì láti lọ bẹ àwọn oníṣòwò wò. Iyán ìkúùkù kan tí Ìyá Tósìn fún un láàárọ̀ ti dà nínú rẹ̀, bùkátéríà Agbowó kò sì tíì ṣí. Ó dúró níwájú ìsọ̀ Àlíù, alẹ́wà. Obìnrin kan ń ra ẹ̀wà kọ́ńgò méjì. Àlíù wọ̀n ọ́n kún, ó dà á sínú báàgì, obìnrin náà ò kúrò.

"Ẹ fi ènì sí i o, Àlíù."

Àlíù bu ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó tún bu ẹyọ kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín síra wọn, obìnrin náà ṣàdúrà fún un, ó lọ.

Ayẹni sún mọ́ ìsọ̀ náà. Ó rántí pé òun tọrọ òkèlè kan péré láàárọ̀, ìyàwó òun kọ̀.

"Kí ni èyí tó o bù sí i tẹ́yìn yẹn?"

"Ènì ni, sà."

"Ṣé ó sanwó rẹ̀ ni?"

"Rárá, sà. Bó bá sanwó rẹ̀, kò jẹ́ ènì mọ́."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

Àlíù ronú díẹ̀. "Àwọn bàbá wa, sà."

"Ṣé wọ́n fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì mi?"

Báyìí ni sákúlà kẹrin ṣe jáde, èyí tí wọn ò ní gbàgbé láéláé ní Bódìjà. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ògiri ọjà. Ó ní ènì ni ìyá ọ̀rá, òun ni bàbá ìwọra, òun ló ń ba òṣùwọ̀n orílẹ̀-èdè jẹ́. Láti òní lọ, ẹni tó bá fún ẹlòmíràn ní ènì lórí òṣùwọ̀n kankan, àti ẹni tó bá gbà á, ti pàdánù ìsọ̀ tàbí ipò rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ayẹni ka ìwé náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ó ní kò le tó, ó sì fi bírò pupa kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "láìka irú ẹni yòówù kó jẹ́ sí."

Ọjà dàrú. Ènì di ohun tí wọ́n ń fún ara wọn níkọ̀kọ̀ bí ẹni ń ta igbó. Oníbàárà á bọ ọlọ́jà lọ́wọ́ láti kí i, ẹ̀wà á wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìyá arúgbó kan tó ra gàárì wá ní kí wọ́n kí òun dáadáa, wọ́n kí i lẹ́ẹ̀mẹrin. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú ń bí wọn. Ènì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀wà nìkan. Òun ni ọlọ́jà fi ń sọ fún ọ pé òun ti rí ọ, pé kì í ṣe owó rẹ nìkan lòun rí.

Oṣù kẹta dé. Òṣùwọ̀n Sùrájù ti dé méjìdínláàádọ́rùn-ún. Orílé-iṣẹ́ kọ̀wé pé kò sí adelé tó ṣe dáadáa tó ti Ìbàdàn jákèjádò orílẹ̀-èdè, pé Méjọ̀ Adéfọlárìn, alága ológun yẹn fúnra rẹ̀, ń bọ̀ wá fi ìwé ipò lé e lọ́wọ́. Ayẹni ní kò ní jẹ́ ní ọ́fíìsì. Ọjà Bódìjà ni, níwájú gbogbo ayé.

Ọjọ́ náà pé. Méjọ̀ náà, ọkùnrin gíga kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ìwé ipò náà wà lórí itan rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ gbé òṣùwọ̀n tuntun tí Àlíù fi ń wọn àpò ẹ̀wà jáde. Ayẹni gbé irin àádọ́ta kílò méjì lé e lójú gbogbo èèyàn. Ó sọ ọgọ́rùn-ún géérégé. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ èdìdì mọ́ ọn, ó ní kò sí òṣùwọ̀n tó pé jù ú lọ ní ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Méjọ̀, ẹ̀yin èèyàn pàtàkì, àti ẹ̀yin mẹ̀kúnnù! Nígbà tí Ọlọ́run ń dá ayé, kí ló kọ́kọ́ ṣe? Ó wọ̀n ọ́n! Ó wọn òkun, ó wọn òkè, lẹ́yìn náà, ẹ gbà mí láyè, ó dá àjọ wa sílẹ̀. Èmi tí ẹ ń wò yìí ti wọn ara mi. Mo wo iyán lójú, mo ní, ‘Iyán, ta ni ọ̀gá nínú àwa méjèèjì?’ Iyán wolẹ̀! Ebi dé, mo ní kó lọ kọ̀wé wá, kó dúró fún èsì!"

"Òṣùwọ̀n tó ń wọn òṣùwọ̀n!" Dàmọ́lá ké.

Fún ogójì ìṣẹ́jú ló fi sọ̀rọ̀. Méjọ̀ wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó sì nawọ́ ìwé ipò náà sí i. Bó bá gbà á nígbà yẹn, tó lọ sílé, ìtàn yìí ì bá ti parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbéraga kì í mọ ibi tó yẹ kó ti jókòó.

"Ẹ dúró, sà," ni Ayẹni wí. "Ẹ jẹ́ kí ayé fojú rí i kí n tó gbà á." Ó kọjú sí òṣùwọ̀n Àlíù.

Sùrájù sáré jáde láàárín àwọn òṣìṣẹ́, ó di etí agbádá rẹ̀ mú. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gun tibí. Ẹ̀wà ni wọ́n ń gbé lé e. Ẹsẹ̀ yín á dọ̀tí."

"Sùrájù, fi mí sílẹ̀. Wọ́n ń wò mí."

Ó gùn ún. Abẹ́rẹ́ òṣùwọ̀n náà gbéra. Ó dé méjìdínláàádọ́rùn-ún, kò dúró. Ó kọjá àádọ́rùn-ún, ó kọjá ọgọ́rùn-ún láìkí ẹnikẹ́ni. Orí mọ́kànlélọ́gọ́fà ló ti sinmi.

Ọjà Bódìjà dákẹ́. Èmi kò tíì gbọ́ pé ọjà náà dákẹ́ rí.

"Bàtà ni, sà!" Dàmọ́lá kígbe. "Bàtà yẹn wúwo!"

Ayẹni bọ́ bàtà. Ọgọ́fà. Ó bọ́ agbádá. Ó bọ́ bùbá. Ó bọ́ fìlà, ó bọ́ aago ọwọ́. Ó ku òun àti síńgílẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò tí kò sí alágbàfọ̀ kankan láyé tó lè sún un kì tó bẹ́ẹ̀. Méjìdínlọ́gọ́fà.

"Irọ́ ni òṣùwọ̀n yìí ń pa!"

"Sà," Àlíù dáhùn jẹ́ẹ́jẹ́, "èdìdì tẹ́ ẹ lẹ̀ mọ́ ọn ò tíì gbẹ."

Méjọ̀ dìde. Ó ní kí Ayẹni sọ̀ kalẹ̀, ó tún gbé irin méjèèjì lé òṣùwọ̀n. Ọgọ́rùn-ún géérégé. Ó yíjú sí Sùrájù. "Ìwọ lò ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Òṣùwọ̀n wo lò ń fi wọ̀n ọ́n?"

Sùrájù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú eruku. "Ẹ̀rù ló bà mí, sà. Ẹni tó ka òótọ́ ṣáájú mi, Ojoo ló wà báyìí. Mo bí ìbejì. Mi ò ní ohun búburú lọ́kàn, mo kàn ń fi ènì díẹ̀ sí i fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni."

Ènì! Ọ̀rọ̀ náà tàn ká ọjà bí iná inú pápá. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nídìí gàárì, àwọn onírẹsì gbà á, àwọn aláta gbà á. Àlíù lọ sí ara ògiri, ó rọra ṣí sákúlà kẹrin kúrò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Méjọ̀. Méjọ̀ kà á títí dé ibi tí wọ́n fi bírò pupa kọ.

"Ta ló kọ èyí?"

Ayẹni wo Dàmọ́lá. Ojú ọ̀run ni Dàmọ́lá ń wò, bóyá ààrá tún ń sán.

"Adelé ọ̀gá ni, sà," Ayẹni wí pẹ̀lú ohùn kékeré.

Méjọ̀ ká ìwé ipò náà sí méjì, ó kì í bọ àpò. "Ó ti kúrò níbẹ̀," ló wí. Ó ní Sùrájù náà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan òṣùwọ̀n mọ́, kó lọ máa ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí, ìbejì rẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ra ẹ̀wà kọ́ńgò kan lọ́wọ́ Àlíù, ó sì dúró gba ènì rẹ̀.

Ojoo ni wọ́n gbé Ayẹni lọ. Kò sí Pijó mọ́. Tó bá bọ́ọ́lẹ̀ nínú táàsì, á fẹsẹ̀ rin ìyókù láàárín àwọn awakọ̀ tó ń pariwo Ọ̀yọ́, tí wọn ò mọ̀ pé èèyàn ńlá ló ń kọjá. Wándé ló bá nídìí òṣùwọ̀n epo. Ojú tì í débi pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni kò lè wo ọmọ náà lójú. Ní aago mọ́kànlá ọjọ́ kan, inú rẹ̀ tún ké kùrùrùrù. Ó dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ òjò.

"Bàbá," Wándé wí, "ebi ń pa yín."

Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, kò sẹ́ni tó sọ òótọ́ fún un lọ́fíìsì tí kò fi jìyà. Wándé bó ọsàn kan, ó fún un ní ìdajì. Ó rọra jẹ ẹ́, ó mu omi, ó tẹjú mọ́ aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ló pé tí ebi náà fi kọjá. Ó yà á lẹ́nu gan-an pé ó máa ń kọjá.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń jẹ ìkúùkù kan. Àwọn ọjọ́ kan wà tó jẹ méjì, ó sì jẹ́wọ́ fún Ìyá Tósìn. Àwọn òru kan wà tó jí tó ń ronú iyán bí ọmọdé tó ń ronú ìyá rẹ̀ tó lọ sọ́jà. Ó ń rìn, ó ń mu omi, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ tó tó oúnjẹ ewúrẹ́. Kò sí orin, kò sí àtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó béèrè ìwọ̀n rẹ̀ fún odindi oṣù mẹ́wàá.

Nígbà tí ọdún ń lọ sópin, ó padà sí ilé ìwòsàn Challenge. Èèyàn pọ̀ lórí ìlà. Ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé wọ́n ní kó bọ́ ọ, ó gun òṣùwọ̀n. Arábìnrin Ọlájùmọ̀kẹ́ tẹ̀ síwájú, ó wò ó.

"Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún, sà," ló wí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún! Ìwọ̀n tí ì bá sọ ọ́ di ọ̀gá nìyẹn, ó sì dé lọ́jọ́ tí Dàmọ́lá ti ń jókòó lórí àga náà. Ayẹni dúró lórí òṣùwọ̀n, ó na ọrùn, ó ń retí. Kò mọ ohun tó ń retí gan-an, àfi ìgbà tó rí i pé ọwọ́ òun ti gòkè díẹ̀, bí èyí tó fẹ́ ní kí àwọn èèyàn dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pariwo. Ìyá arúgbó kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi ọ̀pá kan òṣùwọ̀n náà.

"Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ jàre. Ẹsẹ̀ ń ro wá."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn Ayẹni, ikùn tó ṣẹ́kù, títí tí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ó bọ́ sílẹ̀, ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ ìyá náà, ó sì dì í lápá mú títí tó fi gun òṣùwọ̀n.